Yíyan ẹ̀rọ pólíìṣì mọ́tò ní Mafoluku

Ẹ̀rọ pólíìṣì mọ́tò jẹ́ irinṣẹ́ oníná tó ń yí páàdì fóòmù tàbí páàdì irun àgùntàn lójú ọ̀dà, pẹ̀lú rọ́bìn tàbí pólíìṣì tí lẹ́búlẹ́bú líle wà nínú rẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún ọ̀dà. Ṣe ló ń há òkè ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, tí yóò sì máa dán. Mọ́tò tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ yìí dán lóṣooṣù, ọ̀dà rẹ̀ ń tán lọ lóṣooṣù ni, bó ti wù kó máa tàn tó.

Mafoluku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ àdúgbò tí iṣẹ́ pólíìṣì mọ́tò kò lè wọ́n. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn àwọn arìnrìn-àjò òkè òkun rẹ̀ ní 1979, ni aládùúgbò rẹ̀, mọ́tò tó ń gbé èrò lọ gbé èrò bọ̀ kì í sì í dá lójú títì Airport Road. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń gbé àlejò láti pápákọ̀ kò fẹ́ kí ara mọ́tò rẹ̀ ṣá. Ẹni tó fẹ́ ta tòkunbọ̀ náà mọ̀ pé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ń dán ti tu oníbàárà lójú kó tó di pé wọ́n gbé e sókè láti wo ẹ́ńjìnnì.

Eruku ọyẹ́ àti èéfín dáńfó ń ṣe ti wọn, àmọ́ fífọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ba ọ̀dà jẹ́ jù. Kànìnkànìn bọ́ sílẹ̀, iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì kan náà tí wọ́n ti fi fọ táyà, wọ́n sì tún gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò dúdú tí wọ́n bá fọ̀ báyìí fún ọdún kan, bí oòrùn bá tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ á yọ, wọ́n á sì yí ojú oòrùn náà ká bí òwú aláǹtakùn. Ìlà wọ̀nyí ni wọ́n ń torí ẹ̀ ra ẹ̀rọ. Bí kànìnkànìn àti báàkẹ́ẹ̀tì kò bá yí padà, owó ẹ̀rọ ti wọgbó.

Bí páàdì ṣe ń yí

Nínú oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta tí a ó wò, èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò ni rótárì. Páàdì rẹ̀ ń yí lójú kan ṣoṣo, láti nǹkan bí ìgbà 600 títí dé 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń wọn nǹkan bíi kílò méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ó yára gan-an. Àmọ́ ooru ń kó jọ sí ibi tó bá dúró lé, pàápàá létí ilẹ̀kùn àti lórí ìlà tó yọ sókè lára fẹ́ńdà, níbi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó kó jó o dé orí ọ̀dà àkọ́kọ́. Bọ́ńpà, tó jẹ́ pé ike ni, tún burú ju páànù lọ, torí ike kì í tètè gbé ooru kúrò. Ọwọ́ tí kò bá tíì mọ́ rótárì sì máa ń fi àmì yíyípo sílẹ̀ tí kò ní hàn lábẹ́ ibòji. Ìgbà tí oníbàárà bá wa mọ́tò dé ojú oòrùn ni yóò tó rí i, á sì padà wá.

Ìkejì ni wọ́n ń pè ní DA (dual action). Páàdì rẹ̀ ń yí, ó sì tún ń jó kúrò láàrin, débi pé kì í gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Bí ó ṣe ń jó jìnnà tó ni wọ́n fi ń pín in sí oríṣiríṣi. Porter-Cable 7424XP ti Amẹ́ríkà ń jó ní nǹkan bíi mílímítà 8. Rupes, ilé iṣẹ́ Ítálì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ló sọ mílímítà 15 àti 21 di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe àfarawé rẹ̀. Bí ìjó bá ṣe gùn tó ni ilẹ̀ tó ń gbà ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n èyí tó ń jó 21 kò gbádùn mọ́ni lórí bọ́ńpà Corolla tó kún fún kọ̀rọ̀. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux àti ara bọ́ọ̀sì ló ti ń jẹun.

Nǹkan kan wà nípa DA tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í tètè mọ̀. Kò sí gíà tó ń fi tipátipá yí páàdì rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń yí bí ẹ̀rọ ṣe ń jó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, tàbí tí wọ́n gbé e dá sí ẹ̀gbẹ́ kan, páàdì á dúró, ẹ̀rọ á kàn máa gbọ̀n. Ariwo ò ní yàtọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ni kò ní máa lọ. Ẹ fi máákà fa ìlà dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo tí wọ́n ń lẹ páàdì mọ́. Bí ìlà náà bá ń yí, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá dúró lójú kan, ẹ dín agbára ọwọ́ kù.

Ẹ̀yà kẹta, irú Flex XC 3401 VRG ti Jámánì, ní gíà tó ń yí páàdì tó sì tún ń mú un jó, nítorí náà kì í dúró bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó. Ó dára, àmọ́ ó ń gbọn ọwọ́, kò sì wọ́pọ̀ ní Èkó.

Lójú tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, tàbí tó ń fọ mọ́tò tó fẹ́ fi dídán kún un, DA tó ń jó ní mílímítà 15 pẹ̀lú páàdì íńṣì márùn-ún ni kó rà. Rótárì yẹ ẹni tó ń kun mọ́tò, tó fi sánpépà olómi 2000 tẹ́ ọ̀dà tuntun tó sì fẹ́ pa ojú sánpépà náà rẹ́ kí ọjọ́ tó lọ.

Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi

Iná Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 110 sí 120. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, bí wọ́n bá kì í bọ iná wa tààrà, á ké fín-ín, èéfín á yọ, kọ́ìlì ti jó nìyẹn. Ẹ má fi ti orí wáyà ṣe ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè gé orí eléyín pẹlẹbẹ méjì dànù kó fi eléyín mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Bébà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà lára ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kà, níbi tí wọ́n kọ V sí. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba wá náà kò yọ sílẹ̀ pátápátá, nítorí fóòtì 110 ni wọ́n ń lò fún irinṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé níbẹ̀. Orí wáyà rẹ̀ máa ń jẹ́ yẹ́lò tó rí roboto. Tíránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí wáàtì rẹ̀ bá ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa, àmọ́ ẹrù ni láti máa gbé kiri.

Wáàtì wá ńkọ́? Rótárì máa ń fẹ́ 1,000 sí 1,400. DA tó mọ́ níwọ̀n lè má ju 500 lọ. Ìyàtọ̀ yìí tóbi fún ẹni tí kò dúró de iná Ikeja Electric. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, irú Tiger TG950, wáàtì 650 ni agbára tó lè gbé lọ títí. Ó lè gbé DA kékeré. Rótárì á kó o láyà jẹ: bí páàdì bá ti kan ọ̀dà, iná á relẹ̀, ẹ̀rọ á máa fà, kọ́ìlì á sì máa gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ lo rótárì ní láti ní jẹnẹrétọ̀ tó tó nǹkan bí 2.5 kVA, owó epo bẹntiróòlù ọ̀hún sì ti yàtọ̀ pátápátá láti Èbìbí 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹni tó wà lábẹ́ Band A, ìsọ̀rí oníbàárà tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, náà kò bọ́: ní Igbe 2024, wọ́n gbé owó iná wọn kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 sí 225 fún ìwọ̀n kan. Owó iná yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò kí wọ́n tó máa jiyàn lórí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀

Ọ̀dà tó ti ilé iṣẹ́ wá lára mọ́tò máa ń nípọn tó 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù, kílíà, ìpele aláìláwọ̀ tó wà lókè rẹ̀, sì máa ń wà láàárín 35 sí 50. Irun orí èèyàn kan nípọn tó nǹkan bí 70. Inú kílíà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti há. Tòkunbọ̀ tó ti gbá nǹkan rí, tí wọ́n fi pọ́tì dí ihò rẹ̀ tí wọ́n sì tún un kùn, lè fi ju 1,000 hàn lórí ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀dà, síbẹ̀ kí kílíà òkè rẹ̀ máà tó nǹkan. Nọ́ńbà ńlá kò túmọ̀ sí pé àyè wà láti há. Ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí kì í ka bọ́ńpà oníke, ojú nìkan ni wọ́n fi ń wò ó.

Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi másíkìn téèpù bo etí ilẹ̀kùn àti rọ́bà wíńdò, wọ́n á dán ibi kékeré kan wò pẹ̀lú fóòmù tó rọ̀ jù, wọn kò sì ní mú èyí tó le àyàfi bí ìlà bá ṣì kù. Wọ́n á wá fi sípíríìtì tí wọ́n pò mọ́ omi nù ún, torí òróró inú pólíìṣì mìíràn lè dí ìlà mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tún fọ mọ́tò. Gbogbo rẹ̀, abẹ́ ibòji ni. Lójú oòrùn ọ̀sán Èkó, rọ́bìn á ti gbẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Fáìlìn kì í ṣe ẹ̀rọ pólíìṣì

Àwọn kan máa ń kan páàdì mọ́ fáìlìn, ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń gé irin. Fáìlìn kékeré ń yí tó nǹkan bí 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ohun tó ń dín eré rẹ̀ kù lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Páàdì lè já kó fò, ọ̀dà á sì jó kí wọ́n tó rí èéfín.

Nípa ìdè tí wọ́n fi ń so àwo páàdì mọ́ ẹ̀rọ, rótárì ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Ṣáínà máa ń lo nọ́ọ̀tì M14, ti Amẹ́ríkà sì ń lo íńṣì 5/8. Àwọn méjèèjì jọra lójú, wọn kì í sì í wọ ara wọn. Ẹni tó bá ń ra àwo páàdì, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwo yìí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára DA, torí ooru ń yọ ohun tó ń lẹ páàdì mọ́ ọn. Kábọ̀nù, tó ń gbé iná lọ sínú kọ́ìlì rẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Èyí ló mú kí ẹ̀rọ Ingco àti Total, tí ẹ̀yà ara wọn kì í wọ́n lọ́jà, máa pẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ju ẹ̀rọ olówó ńlá mìíràn lọ: kábọ̀nù bá tán láàárọ̀, wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.