Etí àti Ojú Nínú Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì: Àgbọ́yé àti Àkàyé Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Girama tí Ń Sọ Èdè Ṣáínà

Láàárín àwọn onímọ̀ ìdánwò èdè, èrò kan ṣì ń gbérí pé àgbọ́yé àti àkàyé kì í ṣe ohun méjì, pé agbára kan ṣoṣo ni ìdánwò méjèèjì ń wọ̀n, àti pé máàkì àkàyé nìkan tó láti fi mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gbọ́ èdè tó. Ìwé tí John Oller tẹ̀ jáde ní 1979 ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ Oller fúnra rẹ̀ ti gbà ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e pé òun ti le koko jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Àpilẹ̀kọ yìí gbé èrò náà yẹ̀ wò lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ń sọ èdè Ṣáínà. Ohun tí àgbọ́yé àti àkàyé jẹ́ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé, kò sì ní gba àyè níbí.

Nínú gaokao, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí Ṣáínà dá padà ní 1977, Gẹ̀ẹ́sì ń kó máàkì 150 nínú 750 ní ọ̀pọ̀ ẹkùn, ìbéèrè àgbọ́yé 20 sì ń kó 30 nínú rẹ̀. Taiwan ya ìdánwò àgbọ́yé sọ́tọ̀ gedegbe, ó sì ń fi ipele A, B, C àti F sọ èsì rẹ̀. Nínú ìdánwò ìparí girama tí Hong Kong bẹ̀rẹ̀ ní 2012, akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ ọ̀rọ̀, á ka ìwé tí wọ́n fún un, á sì fi méjèèjì kọ èsì. Hong Kong kò fi àdàlù náà pa mọ́. Ibòmíràn ni ó ti fara sin.

Ìyàtọ̀ tí àwọn tó di èrò yìí mú gbójú fò ni ti ọ̀rọ̀ tí ojú mọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí etí mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ojú mọ̀ ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dá mọ̀ lórí ìwé, tí àlàfo sì ti pààlà rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí etí mọ̀ ni èyí tí ó lè fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ tí ń sáré kọjá, tí kò ní àlàfo, tí kò sì ṣeé padà sí. Nínú Mandarin, sílébù kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí àfi n, ng tàbí r, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìtumọ̀ "walked" dáadáa nínú ìwé lè gbọ́ ọ bí "walk", kí àkókò ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì dàrú mọ́ ọn lójú. Cantonese ní tirẹ̀ ń fi p, t àti k parí sílébù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu. Ìṣòro etí akẹ́kọ̀ọ́ Beijing tí ń sọ Mandarin àti ti Hong Kong tí ń sọ Cantonese kò lè rí bákan náà, nígbà tí ohun tí ojú wọn ń rí lórí ìwé kò yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí: ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ìbéèrè àgbọ́yé fúnra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń tẹ̀ síwájú ìbéèrè àgbọ́yé gaokao, wọ́n béèrè iye tí ẹ̀wù kan jẹ́, ìdáhùn mẹ́ta sì wà nílẹ̀, £19.15, £9.18 àti £9.15, èyí tó kẹ́yìn ló tọ̀nà. Òǹkà lásán nìyẹn, ojú kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́ta rẹ̀ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè kàwé kíákíá ti pàdánù kí ó tó gbọ́ ohunkóhun. Bí máàkì àgbọ́yé àti ti àkàyé bá wá ń lọ sókè sódò pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àkàyé tó wọnú àgbọ́yé ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe pé agbára kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣètò ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ní àwọn ẹkùn kan ní Ṣáínà, wọn kì í ka máàkì àgbọ́yé mọ́ àròpọ̀. 120 tó kù ni wọ́n ń sọ di 150. Àwọn onímọ̀ ìdánwò èdè, Alderson àti Wall, kìlọ̀ ní 1993 pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìkánjú sọ pé ìdánwò ló ń darí ẹ̀kọ́ kíláàsì, ìkìlọ̀ náà sì yẹ ní fífetí sí. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ìdí tí olùkọ́ tí èsì gaokao wà lọ́rùn rẹ̀ yóò fi máa tan ẹ̀rọ ohùn ní kíláàsì fún ohun tí kò ní máàkì. Beijing gba ọ̀nà mìíràn: láti 2021 ni ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò gbígbọ́ àti sísọ, máàkì 50 lápapọ̀. Ó jọ pé ọ̀nà yẹn ló sàn jù, bí wọ́n bá lè mú kí ìbéèrè náà wá láti ẹnu dípò ojú-ìwé.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ilé. Sílébù Yorùbá náà kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò JAMB ń gbé ìbéèrè ìró Gẹ̀ẹ́sì sójú kọ̀ǹpútà láìsí ohùn kankan, tí akẹ́kọ̀ọ́ á kàn fi ojú wá ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá èyí tí wọ́n fa ìlà sí nídìí mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn ni ìwádìí tó kàn yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, láti mọ̀ bóyá àwọn tó yege níbẹ̀ lè gbọ́ ìyàtọ̀ "ship" àti "sheep" nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ sí wọn létí.