Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Dé Ìjẹ̀bú-Òde

Bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́, inú á bí èrò. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́, tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí?

Ní 1892, Òyìnbó gbógun ti àwọn baba ńlá wa ní Ìmàgbọn, torí wọn ò jẹ́ kó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá bó ṣe wù ú. Ó ṣẹ́gun, ọ̀nà là. Síbẹ̀, Abẹ́òkúta ni ojú irin Èkó gbà dé Ìbàdàn; 1901 ni wọ́n ṣí i. Tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 tún gba Abẹ́òkúta.

Títí dòní, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ sí Èkó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ ṣì ní ibi tó ti ń dúró dè é.