Etí Irin Lára Alùpùpù Bàbá Yín: Ọ̀rọ̀ Sáídìkáà

Tí alùpùpù àtijọ́ bá ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé bàbá yín, kẹ́ ẹ tó pe àwọn onírin àlòkù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo férémù ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí etí irin tó nípọn, tó ní ihò bólùtù, tí kò sì gbé nǹkan kan dání, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ń so sáídìkáà mọ́ nìyẹn, ìyẹn àga onítáyà kan tí èrò ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. BSA M21 wà lára àwọn tó ní irú etí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni sáídìkáà kọ́kọ́ jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní ọdún 1903, ìwé ìròyìn Motor Cycling gbé àwòrán ẹ̀ jáde láti fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Kò tó oṣù kan tí W. J. Graham ará Enfield fi gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Lọ́dún 1912, Fred Watson ní Birmingham ṣe èyí tó ṣeé ká kò, torí pé ẹnu ọ̀nà àgbàlá ilé ẹ̀ há jù. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Watsonian ti wá. Ẹni tí ò lówó mọ́tò, sáídìkáà ló fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ. Àwọn AA, ẹgbẹ́ tó ń ran onímọ́tò lọ́wọ́ lójú títì níbẹ̀, fi M21 gbé àpótí irinṣẹ́ dípò èrò, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí di 1968. Nígbà yẹn, Mini tó jáde lọ́dún 1959, tówó ẹ̀ ò tó 500 pọ́n-ùn, ti gba àwọn onídìílé lọ́wọ́ sáídìkáà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún irú ẹ̀ ṣe, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Irin mẹ́rin ló ń so ó pọ̀. Méjì ìsàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, ló ń ru agbára. Méjì òkè lẹ máa fi pinnu bí alùpùpù ṣe máa dúró. Mẹ́ta ni àwọn àtijọ́ kan ń lò, àmọ́ mẹ́rin ló fọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ fi pákó gígùn tó tọ́ ti ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì alùpùpù, kẹ́ ẹ fi òmíràn ti táyà sáídìkáà. Ẹ wọn àárín pákó méjèèjì níwájú, kẹ́ ẹ wọn ọ́n lẹ́yìn. Ti iwájú gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ààbọ̀ ínṣì sí ínṣì kan dín sí tẹ̀yìn. Ìdí ni pé sáídìkáà ò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń wọ́ ọ ni, ó sì ń fa alùpùpù sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Táyà ẹ̀ tó kọjú sínú díẹ̀ ló ń dín ìfà yẹn kù. Alùpùpù fúnra ẹ̀ á wá fì kúrò lọ́dọ̀ sáídìkáà, dígírì kan sí méjì. Kí ẹni tó máa wà á jókòó lé e kẹ́ ẹ tó fún bólùtù pa. Tẹ́ ẹ bá fojú díwọ̀n, apá á máa ro yín kẹ́ ẹ tó dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó wà ló wá kan àwa jù. Ọwọ́ òsì làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rìn lójú títì, torí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni sáídìkáà wọn wà, kí èrò lè bọ́ sí ẹ̀bá títì. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń rìn ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba ní ká bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún bíi ti àwọn ará Dahomey àti àwọn aládùúgbò wa yòókù. Àwọn àgbà tó ń wa mọ́tò nígbà yẹn á rántí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá jókòó sí sáídìkáà ọwọ́ òsì, àárín títì ló wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ báyìí ni mọ́tò tó ń bọ̀ ń gbà kọjá.

Ṣé ká kúkú gbé e sọ́tùn-ún ni? Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ni irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ta kí M21 tó dáhùn wà, ibẹ̀ náà ni jíà àti páìpù èéfín wà. Wẹ́dà á ní kò sí wàhálà, òun á gé etí tòsì, òun á jó òmíràn mọ́ tọ̀tún. Ẹ má gbà fún un! Idẹ ni wọ́n fi jó páìpù irú férémù yẹn mọ́ oríkèé ẹ̀. Iná wẹ́dà lè tú ohun tó ti di mọ́ra láti bí ọgọ́ta ọdún. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lósì bí wọ́n ṣe ṣe é, kó máa jáde lọ́jọ́ ọdún ìlú, kó máa rọra rìn, kó má gbé èrò dé títì márosẹ̀. Tó bá wá di dandan kó lọ sọ́tùn-ún, ẹ lo irin tí wọ́n ń fi bólùtù há mọ́ páìpù, tó ṣeé tú, kí etí ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ta èyíkéyìí, ẹ ya fọ́tò férémù lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi sórí gúrúùpù wa. Nọ́ńbà yẹn la fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Onírin àlòkù ò ní wo nọ́ńbà kankan; kílò ló máa fi rà á.