Ta Ni Wọ́n? Ìbéèrè Abẹ́ Afárá Toyota

Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá kọjá lónìí, tó dé ibùdókọ̀ Toyota, lè má mọ̀ pé abẹ́ afárá ibẹ̀ ti da jìnnìjìnnì bo gbogbo Èkó rí.

Oṣù kejì ọdún 1999 ni wọ́n mú Clifford Orji níbẹ̀. Wèrè lásán ni àwọn tó ń kọjá kà á sí. Àmọ́ ọlọ́pàá ní àwọn bá ẹ̀yà ara èèyàn nínú àgọ́ rẹ̀. Kíá ni ìròyìn náà gba ìlú kan, èrò sì ya bo ibẹ̀ láti fojú ara wọn rí i.

Ẹjọ́ náà kò dé ibi kankan. Ẹ̀wọ̀n Kìríkìrì ni wọ́n fi í sí, ọdún ń gorí ọdún, kò sí ìdájọ́ tó sọ pé ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Àhámọ́ náà ló kú sí ní ọdún 2012.

Ta ló ni àwọn ẹ̀yà ara náà?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sọnù ni orúkọ rẹ̀ ń sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1996, lásìkò ìjọba ológun Abacha, Bagauda Kaltho, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn TheNews, di àwátì. A kò rí òkú rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ní ti abẹ́ afárá Toyota, orúkọ Orji nìkan ló kù lẹ́nu aráyé. Ìyá ẹnìkan lè ṣì máa retí ọmọ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ tàbí Mushin.