Ìtàn Èéfín Ilé Ìdáná Wa

Láyé àwọn ìyá àgbà, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná máa ń wà. Orí ààrò mẹ́ta tàbí àdògán ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, wọn kò sì ka èéfín sí ọ̀tá. Wọ́n á fi háhá so àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ààrò, kí èéfín máa rú sí i, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ títí òjò yóò fi dé.

Nígbà tí ìlú fẹ̀, iná kúrò lẹ́yìnkùlé. Nínú àwọn ilé Ìbàdàn àti Èkó tí yàrá dojú kọra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà láàárín, sítóòfù kẹrosíìnì gba ẹnu ọ̀nà. Obìnrin bọ́ lọ́wọ́ igi wíwá. Ṣùgbọ́n bí òwú sítóòfù bá ti jó kù, èéfín á bò ó, ìdí ìkòkò á dúdú, ògiri náà á dúdú. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n máa fi kẹrosíìnì dáná nínú ilé.

Ní Ìbàdàn kan náà ni wọ́n ti wo ìpalára yìí fínnífínní. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago, tó fi mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade, ṣàyẹ̀wò aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù, tí kì í rú èéfín dúdú. Apá kejì ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìbí ń sún mọ́lé, ìdá 6.4 nínú 100 àwọn tó ń lo ti àtijọ́ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lára àwọn tó gba sítóòfù tuntun, ìdá 1.9 péré ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ.

Nítorí pé gáàsì ìdáná wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ti padà sídìí èédú. Èéfín rẹ̀ kò pọ̀ lójú, àmọ́ kábọ́ọ̀nù mónósáìdì inú rẹ̀ kò ṣeé rí, kò sì lóòórùn. Bí wọ́n bá gbé e wọ yàrá tí wọ́n tì pa, ó lè pa gbogbo ará ilé sójú oorun.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká gáàsì, kó rà á. Ẹni tí kò bá tíì ká, kó gbé iná síta gbangba, kó lo igi gbígbẹ, kó sì sọ ọmọ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn kó tó kojú èéfín. Kí ẹ̀yin baálé ilé náà mọ̀ pé owó sítóòfù tó dára wà lára owó ìtọ́jú aboyún.