Iwin Ilé Eré Ìgánmú

Náṣọ́nà Tíátà tó wà ní Ìgánmú, ní Èkó, wà lára àwọn ilé eré tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá ń ti Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkókómáíkò lọ sí Erékùṣù Èkó kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n: ilé ràgàjì tó rí bíi fìlà ọ̀gá ṣọ́jà, tó dá jókòó sórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ àbàtà rí. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà ìjọba Yakubu Gowon, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1976 nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Iléeṣẹ́ Technoexportstroy ti ilẹ̀ Bùlùgéríà ló kọ́ ọ, ààfin àṣà àti eré ìdárayá tó wà nílùú Varna lọ́dọ̀ tiwọn ni wọ́n sì wò ṣe é. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ gba 5,000 èèyàn. Lẹ́yìn ìtàn yìí, ìtàn kejì tún wà tí kò sí lára ògiri ilé náà: pé ilé ọ̀hún kò ṣófo, pé àwọn ẹ̀mí tí wọ́n pè wá fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977, kò padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìtàn kejì yìí ni àyọkà yìí dá lé lórí.

Kò yẹ ká fi ẹ̀rín lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí wà lóòótọ́, àmọ́ bí a bá tọ ipasẹ̀ iwin ilé eré dé ibi tó ti ṣẹ̀, ọmọ èèyàn ni a ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó fẹ́ fi bò. Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ti wà nínú ìtàn Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta lé òkúta ní Ìgánmú. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọba mẹ́rin ló jẹ ní Ìgbòho. Ìkẹrin wọn, Aláàfin Abípa, fẹ́ kó ìlú padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ kúrò níbi tí ara ti tù wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn tó kọ parí ní 1897, nígbà tí ọba rán ìránṣẹ́ lọ ṣètùtù ní ahoro ìlú náà, àwọn ìjòyè ti rán tiwọn ṣáájú ní bòókẹ́lẹ́. Abuké wà níbẹ̀, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ. Wọ́n gun òkè kan tó ń jẹ́ Àjàká, wọ́n tan ògùṣọ̀, wọ́n ń ké lóru pé àyè ò sí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ pé iwin ti gba ìlú. Ẹni tó mọ òkodoro ọ̀rọ̀ láàfin ló tú àṣírí fún ọba. Ọdẹ mẹ́fà ni ọba rán lọ, wọ́n sì kó àwọn iwin náà bọ̀ láàyè. Lọ́jọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ jẹun láàfin, ọba ní kí wọ́n gbé ọtí fún oníkálukú. Ẹni tó gbé igbá ọtí wá síwájú ìjòyè kọ̀ọ̀kan ni iwin tí òun fúnra rẹ̀ rán lọ sókè Àjàká. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Orúkọ tó mọ́ Abípa lára nítorí èyí ni Ọbamọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Iwin sì ni ọ̀rọ̀ tí à ń wí níbí. Joel Adédèjì, onímọ̀ tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí orísun eré alárìnjó nínú ìtàn yìí, èyí tó túmọ̀ sí pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni eré àti iwin ti jọ wà nínú àṣà wa, ọmọ èèyàn ló sì ń gbé méjèèjì wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn dé Ìgánmú. Àjọ̀dún FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Àwọn òṣèré àti onímọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Miriam Makeba, Stevie Wonder àti Sun Ra wà nínú wọn. Ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́, ni à ń pè ní Fẹ́sítáàkì títí dòní. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, tí owó epo ti gbẹ, tí àwọn ìjọ àtúnbí sì ń gbilẹ̀, àwọn oníwàásù kan ní FESTAC ló fa ègún wọ Nàìjíríà, pé ìbọ̀rìṣà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún àǹjọ̀nú. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn létí, torí ìyà ń jẹ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó fà á.

Àmọ́ ẹ wo àmì àjọ̀dún náà gan-an. Ìbòjú Ìyọba Ìdíà, ìyá Ọba Ẹsígíè ti Bìní, ni wọ́n fi ṣe é. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ìbòjú gidi ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì kó o lọ nígbà tí wọ́n sun Bìní ní 1897. Nàìjíríà tọrọ rẹ̀ fún àjọ̀dún. British Museum kọ̀, wọ́n ní ó ti gbẹgẹ́ jù. Ẹ̀dà tuntun tí wọ́n gbẹ́ ní Bìní ni wọ́n lò. Bó bá jẹ́ pé inú ère àtijọ́ ni ẹ̀mí ń gbé, Lọ́ńdọ́nù ni ká ti lọ wá a.

Aburú tó ṣẹlẹ̀ ní 1977 ní ọjọ́, ó sì ní ojúlé. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin, kọ̀ láti bá wọn kópa nínú FESTAC. Shrine, ilé ijó rẹ̀, ló ti ń ṣeré tirẹ̀, àwọn àlejò àjọ̀dún sì ń wá wò ó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Agége. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ jábọ̀, wọ́n ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹ fi èyí wé òkè Àjàká. Ọmọ ogun tó ní nọ́ńbà, tó ní ọ̀gá, tó ń sùn ní bárékè, òun ni wọ́n ní kò lójú, kò lórúkọ. Iwin gan-an nìyẹn: èèyàn tí wọ́n bọ́ orúkọ kúrò lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè. Fẹlá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ó sì fi ṣe àkọlé àwo orin ní 1979, Unknown Soldier. Ẹni tó bá ń wá ohun tí 1977 fi sílẹ̀ tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ yìí sinmi, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ilé náà ṣe wá di ibi tó ń bani lẹ́rù kò ṣòro láti tọpa. Àkókò kan wà tí èrò ń rọ́ lọ wo fíìmù Yorùbá níbẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde àti Kérésì. Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù adigunjalè kò jẹ́ kí èèyàn jáde lóru mọ́, àwọn ilé sinimá káàkiri Èkó di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí, kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì wọlé. Iwin náà bá wọn wọ inú kásẹ́ẹ̀tì: nínú Living in Bondage, tó jáde ní 1992, ẹ̀mí ìyàwó tí ọkọ fi ṣòògùn owó ló ń dà á láàmú, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló sì wá kún àtẹ ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́. Ní Ìgánmú, òrùlé ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́, gbọ̀ngàn ńlá wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba sì ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ ta ilé náà tàbí kí òun fi í lélẹ̀ fún aládàáni. Irin tí oòrùn ti mú gbóná lọ́sàn-án a máa ké bó bá ń tutù lóru. Omi tó ń kán ní ẹyọ ẹyọ sínú gbọ̀ngàn tó gba 5,000 èèyàn, tí ẹnì kan ò sí níbẹ̀, a máa dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn bọ̀. Ọlọ́dẹ tó bá gbọ́ ọ kò purọ́ pé òun gbọ́ nǹkan. Ẹni tó fi òrùlé sílẹ̀ láìtún un ṣe ló rán iwin sí i.

Àtakò kan wà tó wúwo. Ẹnì kan lè ní, bí ọwọ́ èèyàn bá wà nídìí iwin, ṣé egúngún náà kò wá di ẹ̀tàn? Rárá o. Ará ọ̀run tó jáde lọ́dún egúngún ní ilé tó ti wá, ó ní oríkì, ó ní àtọ́kùn, ó ní ìgbà tó ń wọ ìgbàlẹ̀. A pè é ni, a sì mọ ẹni tó pè é. Iwin ilé eré kò ní ìdílé, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́wọ́ pé òun ló rán an níṣẹ́. Àwọn eléégún fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1826, ní Ọ̀yọ́-Ilé kan náà tí iwin Àjàká ti ní àyè ò sí, àwọn onídán ṣeré fún Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó tó jẹ́ àlejò Aláàfin. Erè ńlá kan yọ jáde nínú eré náà, lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan yọ, ó funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà. Clapperton mọ̀ pé òun àti àwọn ẹ̀yà òun ni wọ́n ń sín jẹ, èrò sì ń hó. Kò sẹ́ni tó sá. Wọ́n mọ irú ọ̀run tí òyìnbó yẹn ti wá.

Lọ́ńdọ́nù náà ní iwin ilé eré tirẹ̀. Ní Drury Lane, níbi tí ilé eré ti wà láti 1663, tí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti dúró láti 1812, wọ́n ní ọkùnrin aláṣọ eérú kan máa ń fara hàn lórí ìjókòó òkè lọ́sàn-án gangan, pé eré tó bá yọjú sí yóò pa owó. Iwin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni tọ̀hún. Ó rọrùn láti mọ ẹni tí ó ń jèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìgánmú. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ló dáwó tún ilé náà ṣe. Ní 2024 ni ìjọba sọ ọ́ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n sì tún un ṣí. Òǹkọ̀wé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé yìí ni ó kọ A Dance of the Forests fún òmìnira 1960. Nínú eré náà, àwọn alààyè ránṣẹ́ pe àwọn baba ńlá wọn pé kí wọ́n wá bá wọn jó, wọ́n ń retí akọni àti ọba. Àwọn tó dé ni ọkùnrin ṣọ́jà kan tó kọ̀ láti ja ogun àìtọ́ tí wọ́n sì tà sóko ẹrú, àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sínú. Àwọn ará ìlú fẹ́ fi èéfín mọ́tò lé wọn. Ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn ni àwọn òkú méjèèjì ń wá.