Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Kòkòrò Lórúkọ

Àwọn baba wa a máa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn amòye ń ṣe sí kòkòrò, bí àwa yóò ti fi hàn.

Ní àkókò òjò, bí a bá tan iná lálẹ́ ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa fò wá síbẹ̀. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n, ìyẹ́ òkè rẹ̀ rí bí aró, ó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn sóde. Kì í ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa sí ara, omi inú rẹ̀ a bó awọ bí iná. Ègbò náà kì í tètè hàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í mọ ohun tí ó ṣe wọ́n.

Ní ọdún 1758, Linnaeus ará Swídìn fi àṣà orúkọ méjì lélẹ̀ fún ẹranko gbogbo: èkínní ti ìdílé, èkejì ti òun tìkára rẹ̀. Ní 1775, Fabricius, ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀, dá ìdílé Paederus sílẹ̀. Ní 1840, Erichson ará Jámánì sọ irú ti ilẹ̀ Áfíríkà yìí ní Paederus sabaeus. Lẹ́yìn wọn ni Bernhauer, akọ̀wé òfin ní Ọ́stríà, àti Cameron, oníṣègùn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí olúkúlùkù sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú lórúkọ. Irú tí a ti mọ̀ nínú agbo ńlá náà, Staphylinidae, ti ju 60,000 lọ.

Báwo ni a ti ń ṣe é? A ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹyọ kan mọ́lẹ̀, a ó kọ àwọ̀, ìwọ̀n àti irun rẹ̀; a ó tún yẹ ẹ̀yà ìbí akọ wò, nítorí àwọn méjì tí ó jọra lóde lè yàtọ̀ nínú. Ẹyọ yìí ni ẹlẹ́rìí orúkọ náà títí láé. Àwọn ti Bernhauer wà ní Chicago, ti Cameron wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá rí àjèjì kan ní Òṣòdì kò lè pè é ní titun títí yóò fi bá àwọn ẹlẹ́rìí òkèèrè wọ̀nyí wé. Bí àpèjúwe kò bá péye, a ó sọ ọmọ kan ní orúkọ méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iṣẹ́ yìí ní eré. Ẹni tí ó mọ kòkòrò náà kò ní fura sí aládùúgbò rẹ̀ nítorí ègbò. Yóò fẹ́ ẹ kúrò lára láì tẹ̀ ẹ́ pa, yóò sì fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀.